Ìṣirò móòlù láìsí àkọ́sórí: bí o ṣe máa ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìdí burette

"Àǹtí, mo mọ fọ́múlà yẹn o, àmọ́ tí ìbéèrè bá ti dé, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀."

Ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí mò ń kọ́ ní Bárígà, kò sí sáà kan tí ẹnìkan kì í sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe olódo. Wọ́n lè ka 6.02 × 10²³, iye tí kẹ́mísírì ń pè ní móòlù kan, bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé kò sẹ́ni tó fi nǹkan tí wọ́n ń kà hàn wọ́n rí. Mo kọ èyí sílẹ̀ fún wọn, àti fún ìwọ náà tí ọ̀rọ̀ móòlù ti sú.

Tẹ̀ lé e bó ṣe tò. Bó o tiẹ̀ wà ní SS3, tí práktíkà WAEC ti kù sí dẹ̀dẹ̀, má fo apá kìíní. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀

- Periodic table tó ní ìwọ̀n átọ̀mù lára
- Kalikulétọ̀. Má lo ti fóònù, torí wọn ò ní jẹ́ kó o mú fóònù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ọwọ́ rẹ sì gbọ́dọ̀ mọ́ èyí tó o máa lò níbẹ̀
- Ìdérí ìgò mínírà bíi 45, kó jẹ́ àwọ̀ mẹ́ta. Bẹ ìyá tó ń ta mínírà ládùúgbò kó bá ọ kó o jọ
- Píọ̀ wọ́tà kan

## 1. Mọ ohun tí móòlù jẹ́ ná

Lọ dúró ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ohun ìkọ́lé ní Ọ̀rílé. Káfíńtà á dé, á ní kí wọ́n wọn ìṣó kílò méjì fún òun. Ẹni tó ń tà á ò ní jókòó máa ka ìṣó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á fi ọwọ́ bù ú lé òṣùwọ̀n, á yọ díẹ̀ kúrò, á dà á sínú ọ̀rá. Bẹ́ẹ̀, iye ìṣó ni káfíńtà ń rò lọ́kàn, torí pákó kan ń gba ìṣó mélòó kan. Kílò kàn jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n fi ń kà á ni.

Ká sọ pé 100 ìṣó oní-íǹṣì méjì wọn 250 g, tí 100 ìṣó oní-íǹṣì mẹ́rin sì wọn 1,250 g. Kílò kan ti kékeré á jẹ́ 400 ìṣó. Kílò kan ti ńlá á jẹ́ 80 péré. Kílò kan náà ni wọ́n, iye wọn ò sì jọra rárá.

Átọ̀mù náà nìyẹn. Ó kéré ju ohun tí ọwọ́ lè kà, nítorí náà a máa ń wọ̀n ọ́n ni. Bí ẹlẹ́yin ṣe ní kíréètì tó jẹ́ 30, tí ẹni tó ń ta píọ̀ wọ́tà ní báàgì tó jẹ́ 20, kẹ́mísírì ní móòlù tó jẹ́ 6.02 × 10²³. Nọ́ńbà tó wà lára periodic table ló ń sọ gíráàmù tí móòlù kan máa wọ̀n: háídrójìn 1 g, kábọ̀n 12 g, irin 56 g. Òkìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ga bákan náà, àmọ́ iye átọ̀mù tó wà nínú wọn dọ́gba.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú dání títí dé ìparí ni pé gíráàmù ni òṣùwọ̀n mọ̀, iye ni kẹ́mísírì mọ̀. Bí ìbéèrè bá fún ọ ní gíráàmù, kọ́kọ́ sọ ọ́ di móòlù. Ṣe ìṣirò rẹ nínú móòlù. Bí wọ́n bá béèrè gíráàmù, ìgbà náà lo tó padà síbẹ̀.

Mi ò fara mọ́ àwòrán onígun mẹ́ta tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ, èyí tí wọ́n ní kó o fi ìka bo ohun tó ò ń wá. Ó máa ń ṣiṣẹ́ títí ìbéèrè á fi yí díẹ̀, lẹ́yìn náà ọmọ á kàn máa wo onígun mẹ́ta rẹ̀.

## 2. Ṣírò ìwọ̀n móòlù kan

1. Kọ fọ́múlà nǹkan náà sílẹ̀ gbàgàdà.
2. Ka átọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà kékeré tó wà nísàlẹ̀ ló ń sọ iye rẹ̀.
3. Wo ìwọ̀n átọ̀mù kọ̀ọ̀kan, kó o fi iye rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀.
4. Ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó o kọ g/mol sẹ́yìn ìdáhùn.

Omi, H₂O: 2 + 16 = 18. Iyọ̀ inú ìkòkò ọbẹ̀, NaCl: 23 + 35.5 = 58.5. Ṣúgà, C₁₂H₂₂O₁₁: 144 + 22 + 176 = 342.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù:

- *Àkámọ́.* Nínú Ca(OH)₂, nọ́ńbà 2 yẹn kan O àti H pa pọ̀. 40 + 2 × 17 = 74. Ẹni tó bá kọ 58, O kan ló kà.
- *Nọ́ńbà ńlá tó wà níwájú.* Nínú 2H₂O, 2 iwájú kì í ṣe ara ìwọ̀n móòlù kan. 18 náà ni. 2 yẹn ń sọ pé móòlù méjì ló wà níbẹ̀.
- *Gáàsì tó ń rìn ní méjì-méjì.* Ọ́síjìn tí à ń mí sínú, O₂ ni, 32 ni ìwọ̀n rẹ̀. H₂, N₂ àti Cl₂ náà bẹ́ẹ̀.
- *Omi tó wà lára kírísítálì.* CuSO₄·5H₂O: àmì tóńtó àárín yẹn ò ní kó o sọ ọ́ di púpọ̀. Àròpọ̀ ni: 63.5 + 32 + 64 + 90 = 249.5.

## 3. Dán an wò lára píọ̀ wọ́tà

Gbé e sọ́wọ́. Wọ́n kọ 50cl sí i lára. 1 cl jẹ́ 10 cm³, nítorí náà 500 cm³ ni. 1 cm³ omi tó 1 g, a jẹ́ pé 500 g omi lo gbé dání.

Fi 18 pín 500: 27.8 móòlù. Mólékù omi (ẹyọ H₂O kọ̀ọ̀kan) tó wà nínú ọ̀rá yẹn á wá jẹ́ 27.8 × 6.02 × 10²³, ìyẹn 1.67 × 10²⁵.

Kó o tó já a mu, dáhùn èyí: átọ̀mù háídrójìn tó wà níbẹ̀ jẹ́ móòlù mélòó? Mólékù kọ̀ọ̀kan ní háídrójìn méjì, nítorí náà 55.6 ni. Bí èyí bá yé ọ láìwo fọ́múlà kankan, móòlù ti yé ọ.

## 4. Mú ìdọ́gba bá ara mu pẹ̀lú ìdérí ìgò

Equation ni mò ń pè ní ìdọ́gba. Gáàsì ìdáná tí à ń rà ní Èkó, propane àti butane ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jó propane:

C₃H₈ + O₂ → CO₂ + H₂O

1. Yan àwọ̀ kan fún C, òmíràn fún H, ìkẹta fún O.
2. Fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀. Òsì ni kí ohun tó wọlé wà, ọ̀tún ni ohun tó jáde.
3. Bẹ̀rẹ̀ láti ara C. Mẹ́ta ló wà lósì, a jẹ́ pé CO₂ gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta lọ́tùn-ún.
4. H ló kàn. Mẹ́jọ ló wà lósì, H₂O kan ń gba méjì, a nílò mẹ́rin.
5. Fi O sẹ́yìn pátápátá. Kà á lọ́tùn-ún: 3 × 2 + 4 = 10. O₂ márùn-ún ni lósì.
6. Tún ìdérí kà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwọ̀ sí àwọ̀. 21 lósì, 21 lọ́tùn-ún.

C₃H₈ + 5O₂ → 3CO₂ + 4H₂O

Bí ìdérí kan bá ṣẹ́ kù sí ọwọ́ rẹ, ìdọ́gba rẹ ò tíì bá ara mu. Ọmọ kan nínú kíláàsì mi fi ẹyọ kan pa mọ́ sábẹ́ ìwé rẹ̀ kí iye lè dọ́gba. Mo ní kó tú gbogbo rẹ̀ ká, kó bẹ̀rẹ̀ láti ara C. Ìgbà kejì, kò sí èyí tó ṣẹ́ kù.

Ìkìlọ̀: má fọwọ́ kan nọ́ńbà kékeré ìsàlẹ̀ láéláé. Bó o bá sọ H₂O di H₂O₂ kí O lè pé, o ti kúrò lórí omi, o ti dé orí hydrogen peroxide tí wọ́n fi ń fọ egbò. Níwájú nìkan lo láṣẹ láti kọ nǹkan sí.

Nọ́ńbà iwájú yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ọ́síjìn ò bá tó 5 fún propane kan, ìjóná náà á yí padà:

2C₃H₈ + 7O₂ → 6CO + 8H₂O

Ka tìyẹn náà kó o rí i pé ó pé. CO yẹn, carbon monoxide ni, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Jẹnẹrétọ̀ inú kọ́ríídọ̀ ń tú u jáde, èédú tó ń jó nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí ibi tí ẹ ń sùn nílé yín, fi ìdọ́gba yìí hàn wọ́n, kó o sì ní kí wọ́n gbé e síta.

## 5. Lo réṣíò

Ìbéèrè: 22 g propane jóná tán. Gíráàmù CO₂ mélòó ló jáde?

1. Sọ gíráàmù di móòlù. Propane jẹ́ 36 + 8 = 44. 22 ÷ 44 = 0.5 móòlù.
2. Wo ìdọ́gba. Propane 1 ń mú CO₂ 3 jáde. 0.5 á mú 1.5 jáde.
3. Padà sí gíráàmù. CO₂ náà jẹ́ 12 + 32 = 44. 1.5 × 44 = 66 g.

Bó bá jẹ́ àyè tí gáàsì náà gbà ní STP (0°C àti 1 atm, níbi tí móòlù gáàsì kan ti ń gba 22.4 dm³) ni wọ́n béèrè, 1.5 × 22.4 = 33.6 dm³. Gáàsì nìkan ni 22.4 wà fún o. Mo ti rí ẹni tó lò ó fún omi àti fún iyọ̀.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé o gbà á? Ro ohun tó wọlé. Ọ́síjìn jẹ́ 2.5 móòlù, ìyẹn 80 g, pẹ̀lú propane 22 g, ó di 102 g. Ohun tó jáde: CO₂ 66 g àti omi 2 móòlù tó jẹ́ 36 g. 102 g náà ni. Ìṣẹ́jú kan ni àyẹ̀wò yìí ń gbà, máàkì tó sì ti gbà là pọ̀.

Àṣìṣe tó ń pani jù níbí ni kí èèyàn lo réṣíò lára gíráàmù: "propane 1, CO₂ 3, nítorí náà 22 × 3 = 66." Ó bọ́ sí i lórí ìbéèrè yìí, nítorí pé propane àti CO₂ jọ jẹ́ 44 ni. Lọ́la, wọ́n á bi ọ́ nípa omi, wàá kọ 88 g dípò 36. Má jẹ́ kí ìdáhùn tó bọ́ sí i tàn ọ́ jẹ.

## 6. Ní ìdí burette

Nígbà tí mo wà ní SS3, mo fi omi bésì ṣan conical flask mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ titration (títú ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sínú bésì títí wọ́n á fi jẹ ara wọn tán), torí mo rò pé ìmọ́tótó ni. Kíká mi ga ju ti gbogbo àwọn tá a jọ wà níbẹ̀ lọ, mo sì lo gbogbo àkókò mi láti máa tún un ṣe. Bésì tó ṣẹ́ kù sí ara ìgò ló ń jẹ ásíìdì kún ti pipette. Torí náà, mú èyí lọ́kúnkúndùn:

- Burette (ọ̀pá gíláàsì gígùn tó ní nọ́ńbà lára àti ẹnu tí a lè ṣí nísàlẹ̀): omi mímọ́ ni kó o kọ́kọ́ fi ṣàn án, lẹ́yìn náà ásíìdì tó máa wọ inú rẹ̀
- Pipette (ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn bésì): omi mímọ́, lẹ́yìn náà bésì tó máa wọ inú rẹ̀
- Conical flask: omi mímọ́ *nìkan*

Ó wá kù kó o ṣe é báyìí:

1. Bu ásíìdì sínú burette. Ṣí ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó há sí ìsàlẹ̀ lè jáde. Yọ fọ́nẹ́ẹ̀lì kúrò lókè, kó má lọ máa kán sínú rẹ̀ nígbà tó o bá ti kà á tán.
2. Ka ìsàlẹ̀ kòtò omi náà ní ìbámu pẹ̀lú ojú rẹ. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó bá yẹ. Kọ ọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì: 0.00, kì í ṣe 0.
3. Fi pipette gbé bésì, 20 tàbí 25 cm³, sínú conical flask. Má fẹ́ ẹ̀kán tó kù lẹ́nu pipette sínú rẹ̀; wọ́n ti ṣírò tìyẹn mọ́ ọn.
4. Kán indicator (ohun tó ń yí àwọ̀ padà nígbà tí ásíìdì bá ti jẹ bésì tán) sí i, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta. Kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.
5. Fi takadá funfun sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì lórí ẹnu burette, ọwọ́ ọ̀tún máa yí flask.
6. Bí àwọ̀ bá ti ń pẹ́ kó tó padà, máa tú u ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Dúró síbi tí ẹ̀kán kan ṣoṣo ti yí àwọ̀ padà, tí kò sì padà mọ́.
7. Tún un ṣe títí o fi máa ní méjì tí ìyàtọ̀ wọn ò ju 0.20 cm³ lọ. Àwọn wọ̀nyẹn nìkan ni kó o fi wá àárín. Ti àkọ́kọ́, èyí tó o fi wo bó ṣe máa rí, bí kò bá bá wọn mu, má kó o mọ́ wọn.

Indicator wo? Bí ásíìdì alágbára bá pàdé bésì aláìlágbára bíi Na₂CO₃, methyl orange ni. Bí ásíìdì aláìlágbára bá pàdé NaOH, phenolphthalein ni. Bí méjèèjì bá lágbára, èyíkéyìí ṣe é lò.

Ìṣirò rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti apá 5. Ká sọ pé 22.50 cm³ HCl tó jẹ́ 0.100 mol/dm³ (móòlù 0.100 nínú 1 dm³, ìyẹn 1000 cm³) ló jẹ 25.00 cm³ NaOH.

Móòlù HCl: 0.100 × 22.50 ÷ 1000 = 0.00225.
Réṣíò jẹ́ 1:1, NaOH náà 0.00225.
Nínú 1 dm³: 0.00225 × 1000 ÷ 25.00 = 0.0900 mol/dm³.
Ní gíráàmù: 0.0900 × 40 = 3.60 g/dm³.

Má ṣe yí kíká rẹ padà kó lè bá ti ẹlẹgbẹ́ rẹ mu. Ìjókòó rẹ àti ìjókòó rẹ̀ yàtọ̀, tìẹ ni kó o kọ.

## 7. Bí ilé ìwé rẹ ò bá ní lábù

Ọ̀pọ̀ ọmọ ò rí burette títí di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ó dùn mí púpọ̀, àmọ́ ohun kan wà tó o lè ṣe nínú ilé títí wàá fi dé ìdí rẹ̀. Kì í ṣe ìdípò lábù. Ọwọ́ àti ojú rẹ ló máa kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀.

1. Ra ìṣápá pupa gbígbẹ díẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe zobo, ní Ọ̀yìngbò tàbí Mile 12. Rẹ ṣíbí kan sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó o sẹ́ ẹ. Má fi ṣúgà tàbí atalẹ̀ sí i. Indicator rẹ nìyẹn.
2. Da omi sórí eérú igi, jẹ́ kó silẹ̀, kó o fi aṣọ sẹ́ ẹ. Bésì rẹ nìyẹn.
3. Fún ọsàn wẹ́wẹ́, kó o sẹ́ omi rẹ̀. Fi síríńjì oní-10 ml tí kò ní abẹ́rẹ́ fà á. Burette rẹ nìyẹn.
4. Bu 10 ml omi eérú sínú ife tó mọ́ gaara, kó o kán zobo sí i. Pupa yẹn á di àwọ̀ ewé lójú ẹsẹ̀.
5. Máa kán omi ọsàn sí i, máa yí ife náà. Wàá rí i tó ń hó díẹ̀díẹ̀. CO₂ ló ń jáde. Nígbà tó bá di pupa, dúró, kọ iye ml sílẹ̀.
6. Tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí kíká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jìnnà síra, ọwọ́ rẹ ṣì ń yá jù.

Bí kò bá sí ọsàn wẹ́wẹ́, vinegar á ṣe é. Má jẹ́ kí omi eérú kan ojú rẹ, má sì mu ohunkóhun nínú wọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fojú sí èyí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bleach ìfọṣọ ṣeré, pàápàá pẹ̀lú omi ọsàn, vinegar tàbí èyí tí ẹ fi ń fọ ṣáláńgá. Bí bleach bá pàdé ásíìdì, gáàsì chlorine ló ń jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ásíìdì bátìrì mọ́tò náà ò gbọ́dọ̀ wọlé. Ní lábù pàápàá, ásíìdì la máa ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì, torí ooru rẹ̀ lè mú un ta síni lójú.

## Dán ara rẹ wò

1. Móòlù mélòó ló wà nínú 5.85 g NaCl?
2. Mú un bá ara mu: Al + O₂ → Al₂O₃
3. A fi iná yan 10 g CaCO₃ títí ó fi di CaO àti CO₂. CO₂ náà jẹ́ dm³ mélòó ní STP?
4. 20.00 cm³ HCl tó jẹ́ 0.100 mol/dm³ ló jẹ 25.00 cm³ Na₂CO₃. Mol/dm³ mélòó ni Na₂CO₃? (Na₂CO₃ + 2HCl → 2NaCl + H₂O + CO₂)

Ìdáhùn: 0.1 móòlù, 4Al + 3O₂ → 2Al₂O₃, 2.24 dm³, 0.0400 mol/dm³.

Bí ìkẹta bá fún ọ ní 224, o fo ìgbésẹ̀ sísọ gíráàmù di móòlù. Bí ìkẹrin bá fún ọ ní 0.0800, réṣíò 2:1 lo gbàgbé. Padà sí apá 5, kó o tún un ṣe pẹ̀lú ìdérí ìgò níwájú rẹ.